Ẹsẹ̀ Ni Wọ́n Fi Ń Kí Opó

Ọ̀gá ọkọ mi ló kó Spain sí i lórí. Òyìnbó náà ní ilé ńlá kan ní The Woodlands, lẹ́bàá Houston, láàárín igi páìnì, ní àdúgbò tí wọ́n ti ń fi òfin de koríko pé kò gbọdọ̀ ga ju ìwọ̀n lọ. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá jẹ ẹran sísun, ìyẹn àwọn tó ṣẹ́ kù nínú wọn, nítorí pé àsìkò tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ nìyẹn, tí àwọn ọ́fíìsì àdúgbò Westchase ń ṣófo bí ilé ìwé tó wà ní ọlidé. Nígbà tí a jẹun tán, ó pa iná pálọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ju àwòrán sára ògiri fún wa. Òkè. Ilé olókùúta. Ewúrẹ́. Òkè mìíràn. Obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ewúrẹ́ mìíràn.

"Abúlé tí mo ra ilé sí nìyí," ni ọ̀gá wí. "Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ò ní í gbọ́ nǹkan kan. Nothing!"

Mo yí sí ọkọ mi, mo sọ ọ́ sí i létí pé, "Ẹni tí kì í gbọ́ nǹkan kan, ṣé kì í ṣe adití ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo mọ̀ nígbà náà pé wàhálà ti wọlé wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí ọkọ mi jẹ́ kí ẹ tó máa káàánú rẹ̀. Ìlú kan ní Èkìtì ni wọ́n bí i sí, ìlú tí òkúta yí ká. Bí o bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, òkè ni. Bí o bá lọ pọn omi, òkè ni. Ewúrẹ́ ibẹ̀ ń sùn lórí àpáta tí ọmọ ènìyàn kò lè gùn láìdi nǹkan mú. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, nígbà tó ń fẹ́ mi sọ́nà, pé òun kórìíra ibẹ̀, pé nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, pé ìdí tí òun fi kàwé bí ẹni tí ajá ń lé ni kí òun lè bọ́ lọ́wọ́ òkúta. Ó sá dé Ìbàdàn, ó fẹ́ mi níbẹ̀. Ó sá dé Houston, ìlú tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, tí ènìyàn kì í rí ohun tó ga níbẹ̀ àfi ilé òkè àti afárá freeway. Ọkùnrin yìí kan náà ló wá ń wo ewúrẹ́ òyìnbó lára ògiri tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n ṣòkòtò ọ̀hún gan-an ló ń sá fún.

Ọ̀rọ̀ náà kì í kúkú ṣe ọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Ní ọdún méjì ṣáájú, bàbá rẹ̀ kú. Òun ni àkọ́bí, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sí sàréè. Ṣùgbọ́n ìwé wa wà lọ́wọ́ àwọn immigration nígbà náà, lọ́yà sì ti sọ fún wa pé ẹni tó bá jáde kúrò ní Amẹ́ríkà kò ní í rí ọ̀nà padà wọlé. Àbúrò rẹ̀ ló da yẹ̀pẹ̀. Ọkọ mi jókòó sórí àga ní ilé wa ní Houston, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n tí kò tàn. Kò sunkún. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí lórí èyí, èmi náà kò bá a wí.

Nígbà tí ìsìnkú parí, ó tẹ ìyá rẹ̀ láago sí ọ́fíìsì tí àbúrò rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, láti kí wọn. Kò tíì sọ ju "Màmá, ẹ kú" lọ tí wọ́n fi dá a lẹ́nu dúró.

"Dákẹ́," ni màmá wí. "A kì í fi ẹ̀rọ kí opó. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń kí opó, ọmọ mi. Mo ń retí ẹsẹ̀ rẹ."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìlú wọn nìyẹn. Bí baálé bá kú, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, á kí ìyá rẹ̀ kú àṣẹ̀yìndè, ojú á kan ojú. Títí di ìgbà tí yóò fi wá, ìyá á máa wí fún gbogbo ayé pé lágbájá kò tíì kí òun. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ti ilé dé sí Houston, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà jẹ́ pásítọ̀, tí kì í jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo náà fún wa: "Màmá ní kí n sọ fún yín pé ẹ ò tíì kí àwọn." Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn, á sì yí ọ̀rọ̀ sí bọ́ọ̀lù.

Lẹ́yìn náà ni ìwé wa dé. Mo jó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa títí ìgbànú sùtánà mi fi tú. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa nígbà náà, inú ṣọ́ọ̀bù kan tí a rẹ́ǹtì ló wà, láàárín ilé ìfọṣọ àti ilé tí wọ́n ti ń ta dónọ́ọ̀tì, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń run ọṣẹ àti ṣúgà pọ̀. Mo ní ó parí, a ti ń lọ sílé. Mo lọ sí mall, mo ra báàgì aláwọ̀ wúrà fún màmá, mo ra lọ́fínńdà, mo ra aago ọwọ́, mo ra bàtà funfun tó ní gìgísẹ̀. Mo tò wọ́n sórí tábìlì ilé ìdáná kí ọkọ mi lè máa rí wọn.

Ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó wò wọ́n, ó ní, "Mummy, ọ̀gá ti gbà kí a lo ilé òun ní Spain fún ọ̀sẹ̀ méjì. Free."

Mo máa ń fi 'ẹ' bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Bí inú bá ń bí mi, 'ẹ' yẹn kan náà ni mo fi ń bú u.

"Daddy, màmá yín ńkọ́?"

"Next year. Jẹ́ kí orí mi kọ́kọ́ balẹ̀. Mo nílò quiet."

"Ẹ̀yin nílò quiet. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń retí láti ọdún méjì, quiet lẹ nílò."

Ó wá sọ ohun kan tí kò sọ rí. "Tí mo bá wọ agboolé yẹn, ọwọ́ mi ni gbogbo wọn á máa wò. Ọwọ́ tí kò da yẹ̀pẹ̀."

Ó ṣe mí láàánú. Mo sì tún rí i bí òmùgọ̀. Àánú àti ẹ̀gàn lè bára wọn gbé inú obìnrin kan láìjà, ẹni tó bá ti lọ́kọ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Mo kó àwọn ọmọ wa fún ìyá ìjọ, mo sì tẹ̀ lé e.

Ọkọ̀ òfúrufú gbé wa dé Madrid, bọ́ọ̀sì gbé wa, bọ́ọ̀sì kejì gbé wa, lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan fi takisí gbé wa gun òkè tí kò ní ibi ìdúró. Ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún, ọkùnrin náà sì ń fi ọwọ́ kan wakọ̀, ó ń fi ìkejì ṣàpèjúwe orin tó ń kọ. Mo ka gbogbo sáàmù tí mo mọ̀. Nígbà tí sáàmù tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkọ́kọ́ padà.

A débẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ènìyàn ń gun òkè lọ wò. Ilé olókùúta tó fara ti ilé olókùúta. Ilẹ̀kùn tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ mi fi orí gbá a lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lọ́jọ́ kejì, àti ní gbogbo ọjọ́ tí a lò, tí yóò sì máa rẹ́rìn-ín pé "authentic" ni. Omi tó tutù bí ìkà. Kò sí fóònù, kò sí ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin kan ló ń fi ọkọ̀ kékeré gbé búrẹ́dì wá láàárọ̀, tí á máa fun fèrè bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ilé ọtí kan ṣoṣo ló wà, odindi itan ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì so rọ̀ láti òkè àjà, tí ọ̀rá rẹ̀ ń kán sínú ife kékeré lókè orí àwọn tó ń mu kọfí. Lọ́sàn-án, gbogbo ìlú á ti fèrèsé, wọn á lọ sùn. Ní Houston, ẹni tó bá sùn lọ́sàn-án, wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Ìdákẹ́jẹ́ tí ọ̀gá ń pariwo rẹ̀ ńkọ́? Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún. Agogo ọrùn ewúrẹ́ ń dún. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan wà lẹ́yìn ilé wa tó máa ń ké bí ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀. Àkùkọ ibẹ̀ kò mọ aago. Ṣùgbọ́n ọkọ mi á jókòó sórí òkúta, á di ojú, á ní, "Hmm. Ṣé o gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn?" Mo ní mo gbọ́ ọ, ó ń ké lẹ́yìn ilé.

Gẹ́gẹ́ bí ọmọ ènìyàn, gbogbo ẹni tí a bá pàdé là ń kí. Wọ́n kọ́kọ́ ń wò wá bí ẹni tó rí ẹja lórí igi, kò jọ pé wọ́n ti rí ènìyàn dúdú lójúkojú rí. Èmi ni mo gbọ́ Spanish díẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Houston, àwọn ará Mexico sì pọ̀ nínú àwọn aláìsàn mi, nítorí náà Spanish ọsibítù ni tèmi. Mo lè sọ pé ẹ káàárọ̀, ẹ la ẹnu yín, ẹ má mira, ìgbà wo lẹ yàgbẹ́ kẹ́yìn. Bí ó bá ti kọjá èyí, mo ti di odi.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ mi ti ìta wọlé, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹnìkan kú níbí," ló wí.

"Ta ló kú?"

"Mi ò mọ̀. Ìyá tó wà ní ilé kejì sí wa. Dúdú ni wọ́n wọ̀ látòkè délẹ̀, wọ́n fi ilẹ̀kùn sí ààbọ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ìta. Àwọn ìyá méjì kan wà pẹ̀lú wọn, dúdú ni wọ́n wọ̀ náà. Ọ̀fọ̀ tuntun ni."

Mo yọjú, mo wò. Òótọ́ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá wọ dúdú báyẹn tó sì kọ ẹ̀yìn sí ayé, yẹ̀pẹ̀ sàréè òkú rẹ̀ kò tíì gbẹ. Aládùúgbò wa sì ni. Mo lè fi òkúta ṣe yẹ̀yẹ́, mo lè fi ẹlẹ́dẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lè máa kọjá níwájú ọlọ́fọ̀ láìkí i, bí ẹran. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Houston, ọ̀rọ̀ èmi àti ọkọ mi wọ̀.

Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò. Mo wé gèlè. A lọ sí ilé ọtí, a ra páálí mínírà kan àti búrẹ́dì, bí a ṣe máa ń gbé nǹkan lọ sílé ọlọ́fọ̀ nílé. Ọkùnrin ọlọ́tí náà ń wò wá títí a fi gbé páálí náà kọjá àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ìyá náà, ọkọ mi gbé páálí sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí òkúta, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

Ìyá náà figbe ta. Wọ́n rò pé ó ṣubú ni. Àwọn ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré dì í mú lábíyá, wọ́n ń fà á sókè, òun náà ń fa ara rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé kò tíì kí wọn tán.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Màmá," ó ń wí láti ilẹ̀. "Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ̀yìn wọn á dára. Mummy, bá mi túmọ̀ ẹ̀!"

Kí ni n ó fi túmọ̀ àṣẹ̀yìndè? Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo kúnlẹ̀, mo di ọwọ́ ìyá náà mú, mo sì sọ èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú èyí tí mo ní, gbólóhùn tí mò ń sọ lójoojúmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Mo ní, "Níbo ló ń dùn yín?"

Ìyá náà wò mí. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n rọra fi lé àyà. Lẹ́yìn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú wọn, wọ́n sì fa àwa méjèèjì wọlé.

Àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lára ògiri, tó ní irun imú, tó ń wo ènìyàn bí ẹni tí kò fẹ́ràn kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Ìyá náà nawọ́ sí i fún mi. Mo béèrè ìbéèrè kejì tí nọ́ọ̀sì máa ń béèrè: "Láti ìgbà wo?" Wọ́n mú àwòrán mìíràn wá, ọmọ ọwọ́ kan wà lẹ́yìn ẹṣin onígi. Wọ́n nawọ́ sí ọmọ náà, wọ́n sì nawọ́ sí ikùn ara wọn: nígbà tí ọkọ kú, ọmọ yìí kò tíì dáyé. Wọ́n wá mú ìkẹta wá, ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun, pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ tirẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà ilé kan ní Germany. Ọmọ náà nìyẹn.

"Daddy," mo ní, "ẹ dìde nílẹ̀. Ọkọ wọn ti kú nígbà tí ẹ̀yin ṣì ń rákòrò."

"Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń wọ dúdú?"

"Bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Ẹ bi wọ́n."

"Ìwọ lo gbọ́ Spanish."

"Spanish tèmi kò dé ibẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Kí ènìyàn gbé páálí mínírà gun òkè láti lọ bá ẹni kẹ́dùn òkú tó ti di yẹ̀pẹ̀! Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìyá náà tó ń fi etí ṣíkáàfù nu ojú. Ó ní, "Kò burú. Wọ́n ṣì ń sunkún."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo jáde láti ra búrẹ́dì, mo sì rí ohun tí ojú mi kò rí rí. Gbogbo opó àdúgbò náà ti gbé àga wọn jáde. Lọ́jọ́ yìí, wọn kò kọ ẹ̀yìn sí ìta mọ́. Wọ́n dojú kọ ọ̀nà, wọ́n ti nu bàtà wọn, ife kọfí wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń retí wa. Bí a bá kí ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ kí gbogbo wọn, ìyẹn kò nílò ògbufọ̀.

Mo wọlé, mo ní, "Daddy, ẹ wá wo quiet yín. Ó ti tò sójú títì, ó ń dúró dè yín."

Mo rò pé ó máa sá pamọ́. Ó wẹ̀, ó wọ bùbá, ó jáde. Ilé dé ilé ló ń dọ̀bálẹ̀. Ọlọ́tí kò ní mínírà mọ́ lọ́jọ́ kẹta. Ilé dé ilé ni èmi náà ń kúnlẹ̀, tí mò ń bi wọ́n pé níbo ló ń dùn yín, tí wọ́n ń fọwọ́ lé àyà, tí wọ́n ń nawọ́ sí àwòrán. Ìyá kan na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó fi orúnkún hàn mí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó wú lóòótọ́, mo ní kó máa fi omi gbígbóná pa á. Àwa tí a wá sinmi, a di ẹgbẹ́ abánikẹ́dùn. Ní gbogbo ilé wọ̀nyí, àwòrán àwọn ọmọ wà lára ògiri, kò sì sí ọmọ kankan nílé. Ọ̀kan wà ní Barcelona, òmíràn ní Germany, òmíràn ní ibi tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n pè. Ìdákẹ́jẹ́ tí ọ̀gá fi owó rà nìyẹn: àwọn ọmọ ti lọ, wọn ò padà. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọkọ mi, mo wò ó bó ṣe di ọwọ́ ìyá arúgbó kan mú, mo sì rí i pé ó ti mọ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la tí a máa lọ, ìyá aládùúgbò wa kan ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n mú aṣọ dúdú kan dání, ìborùn onírun àgùntàn tó nípọn, tí wọ́n ká dáadáa. Wọ́n jókòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ àti ẹnu bi ọkọ mi léèrè, èmi sì ń túmọ̀. Bàbá rẹ? Ó kú. Ìyá rẹ? Wọ́n wà láàyè. Ìyá náà fa aṣọ dúdú ara wọn: òun náà wọ báyìí? Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n wọ̀ ọ́. Wọ́n wá na ìka sí ọkọ mi, wọ́n na ìka sí ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà ilé wọn tó dọ̀bálẹ̀ sí, wọ́n sì na ìka sí ọ̀nà jíjìn, síbi tí wọ́n rò pé ilé wa wà. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ń dúró.

"Kí ni wọ́n wí?" ni ọkọ mi béèrè.

"Wọ́n ní ṣé ẹ ti kí màmá yín bí ẹ ṣe kí àwọn."

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n mi ò fi nǹkan kan sí ìyẹn. Ọkọ mi wo ìborùn náà. Ó mi orí pé rárá. Nígbà náà ni ẹkún tó ti ń dúró láti ọdún méjì jáde, níwájú obìnrin tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ìyá náà kò pàrọwà fún un. Wọ́n jẹ́ kó sunkún tán, wọ́n fi ìborùn náà lé e lọ́wọ́, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀: fún ìyá rẹ.

Bí wọ́n ṣe jáde ni ìjà bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ dá a padà," mo ní. "Obìnrin tó lọ́kọ láyé kì í gbé aṣọ opó wọlé. Tí ẹ bá kó o sínú báàgì mi, ẹ fẹ́ kí n di opó nìyẹn."

"Inú báàgì tèmi ló máa wà."

"Inú ilé kan náà ni báàgì méjèèjì ń lọ!"

"Kò ní í wọ ilé rẹ," ló wí, ó sì ń ká aṣọ náà bí ẹni tó ń ká aṣọ ọmọ tuntun.

Ohun tó ní lọ́kàn kò yé mi títí a fi dé pápákọ̀ òfúrufú ní Madrid. Ó ní kí n jókòó ti ẹrù. Nígbà tó padà, tíkẹ́ẹ̀tì Èkó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní báàgì aláwọ̀ wúrà ńkọ́, lọ́fínńdà ńkọ́, aago ńkọ́, gbogbo wọn wà ní Houston. Ó ní òun kò lè dúró de aago. Inú mi dùn, inú sì ń bí mi. Èmi tí mo fi ọdún méjì sọ̀rọ̀, kò gbọ́ tèmi; obìnrin tí kò mọ̀ wá rí na ìka lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọkọ̀. Èmi nìkan padà sí Houston nítorí iṣẹ́ àti àwọn ọmọ, mo sì kẹ́gàn òun àti ìyá náà àti ewúrẹ́ wọn láti Madrid dé Texas.

Ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀ mí láago láti béèrè ìdí tí kò fi tíì wọṣẹ́. Kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ọ. Ó ní, "So, how did you like the quiet?"

Mo ní a kò débẹ̀. Mo ní abúlé tí àwa lọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti wọ aṣọ nọ́ọ̀sì tán, mo ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, fóònù ilé ìdáná dún. Mo gbé e, ó ń han bí ẹni tí ń dín ẹyin. Láti inú rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń pariwo kí ohùn wọn lè la òkun kọjá.

"Ìyàwó mi!"

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí. "Ẹ kú ọ̀sán, Màmá."

"Ọkọ rẹ ti dé. Ó ti kí mi."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ kú àṣẹ̀yìn—"

"Dákẹ́. Ìwọ náà ṣì ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ni." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó mú aṣọ kan wá fún mi. Mo ní mo ti bọ́ dúdú láti èṣí, aṣọ wo nìyí. Ó ní opó kan ló fi rán sí mi. Mo ní níbo ni opó náà wà. Ó ní ó wà lórí òkè kan ní ìlú òyìnbó, pé òun dọ̀bálẹ̀ fún un, òun kí i. Mo ní háà. Ọmọ mi kúkú mọ̀ ọ́n kí."

Mo ní, "Màmá, aṣọ opó ni o. Tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó dá a padà."

"Dá kí ni padà? Ṣé o mọ bó ṣe nípọn tó? Òjò ń rọ̀ níbí. Láti ọjọ́ tí bàbá yín ti lọ ni òtútù ti ń mú mi lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, àná ni mo tó sùn. Ọkọ rẹ ní o ti ra báàgì fún mi, o ra lọ́fínńdà, o ra bàtà onígìgísẹ̀. O ṣeun. Obìnrin tí kò mọ̀ mí rí, òun ló mọ̀ pé òtútù máa ń mú opó."

Wọ́n gbé fóònù fún ọkọ mi, ṣùgbọ́n ìlà ti já. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Lókè orí mi, báàgì aláwọ̀ wúrà náà wà lórí tábìlì pẹ̀lú bébà ṣọ́ọ̀bù nínú rẹ̀, aago sì ń ṣiṣẹ́.